Òdo àti Olódo: Àròjinlẹ̀ lórí Pípín Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Gẹ́gẹ́ bí Ọpọlọ Wọn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gba ilé-ìwé kọjá tí kò mọ̀ ọ́n: olódo. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣòro. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oní- ni a fi kún òdo, bí a ti fi kún ọjà tí ó fi di ọlọ́jà. Òdo ni ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ kò rí ṣe. Àbájáde iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n bí àfòmọ́ náà bá ti wọlé, ohun tí ó wà lórí ìwé ti kúrò níbẹ̀, ó ti bọ́ sára ọmọ. Òdo ti di ohun ìní rẹ̀, bí ọjà ti jẹ́ ti ọlọ́jà. Ìrìn-àjò kúkúrú yìí, láti orí ìwé dé ara ọmọ, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, nítorí pé òun gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé ìjọba bá pín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà sí kíláàsì A, B, C àti D, tí ó sì sọ pé ọpọlọ wọn ni òun fi pín wọn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ bí pípín náà ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ìjọba, àwọn ọmọ tuntun a kọ́kọ́ wà pọ̀ láìsí ìyàtọ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò ọdún àkọ́kọ́ bá jáde, a ó to orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó sì gé e sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn tí ó wà lókè di A. Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni kì í hàn nínú ìwé kankan. Olùkọ́ ìṣirò tí ó mọṣẹ́ jù ni a ó fún A, nítorí pé A ni yóò gbé orúkọ ilé-ìwé ga nínú ìdánwò àṣejáde. Olùkọ́ tuntun, tàbí èyí tí inú ọ̀gá kò dùn sí, ni a ó rán lọ sí D. Bí àga kò bá kárí, ẹ mọ kíláàsì tí yóò jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a ó fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà, A yóò fi ẹ̀yìn D balẹ̀, a ó sì sọ pé ṣebí a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní pípín tirẹ̀. Ìlànà Ètò-Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977, èyí tí ó bí ètò 6-3-3-4 tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ní kí a fi ìdánwò pín àwọn tí ó bá parí sẹ́kọ́ńdírì kékeré sí ọ̀nà mẹ́rin. Àtúnṣe ti 2004 kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: nínú ọmọ 100, kí 60 lọ sí sẹ́kọ́ńdírì àgbà, kí 20 lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí 10 lọ sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́-ọwọ́, kí 10 tó kù lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Lórí ìwé, ọ̀nà mẹ́rin ni, kò sì sí èyí tí a pè ní ìsàlẹ̀. Àwọn òbí ka ìwé náà lọ́nà mìíràn. Wọ́n wo ọ̀nà tí àwọn tí ó kọ ìlànà náà ń rán ọmọ tiwọn gbà, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ fún mẹ́ta yòókù. N kò dá wọn lẹ́bi. Bí a bá sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ ọwọ́ níyì, tí ó sì jẹ́ pé kìkì ọmọ tí ó gba òdo ni a ń rán lọ kọ́ ọ, ohun tí a ṣe ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ohun tí a wí.

Síbẹ̀, àwọn tí ó fara mọ́ pípín ní ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn àgbà kúkú sọ pé ìka ò dọ́gba. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tí ó ní ọmọ 80 nínú yàrá kan. Ogún nínú wọn ti mọ ìda tí ó fẹ́ kọ́ wọn lónìí. Ogójì lè tẹ̀ lé e bí ó bá rọra. Ogún tó kù kò tíì lè yọ 17 kúrò nínú 32. Ta ni kí ó kọ́? Bí ó bá dúró de àwọn tí ó wà lẹ́yìn, àwọn tí ó wà níwájú yóò máa sùn. Bí ó bá bá àwọn tí ó wà níwájú lọ, àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò máa da ìwé kọ láìmọ ohun tí wọ́n ń kọ, títí ọdún mẹ́fà yóò fi pé. Ẹni tí ó bá sọ pé kí gbogbo wọn sáà wà pọ̀ nítorí ìfẹ́, tí kò sọ ohun tí olùkọ́ yìí yóò ṣe láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò sì ta ko olùkọ́ yìí. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 121 ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Wọ́n rí owó fún olùkọ́ kejì ní kíláàsì kìíní, a sì pín kíláàsì náà sí méjì. Ní bí ìdajì àwọn ilé-ìwé náà, ìbò ni a fi pín àwọn ọmọ. Ní ìdajì kejì, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a wò. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn ilé-ìwé tí ó fi ìmọ̀ pín ọmọ ta àwọn yòókù yọ. Ohun tí ó ya àwọn kan lẹ́nu nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 ni pé àwọn ọmọ tí ó wà ní ìpín ìsàlẹ̀ náà jèrè, èrè náà sì wà lára wọn lẹ́yìn tí ètò náà ti parí. Ìdí rẹ̀ kò ju pé olùkọ́ wọn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí àwọn tí ó máa ń tọ́ka sí ìwádìí yìí kì í sábà mẹ́nu bà. Ìbò ni a fi mọ olùkọ́ tí yóò gba ìpín òkè àti èyí tí yóò gba ìpín ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí ó láǹfààní láti fi olùkọ́ dáradára pa mọ́ fún àwọn ààyò. Àwọn ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ni. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ sí ọmọ A tàbí ọmọ D. Ní Ghana láàárín 2010 sí 2013, a ṣe ohun tí ó jọ èyí, tí a mú láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Pratham ti Íńdíà: a fi ohun tí ọmọ lè kà pín in sí ọ̀wọ́ fún wákàtí díẹ̀, a yan ẹnìkan láti àdúgbò láti kọ́ wọn, lẹ́yìn náà a dá wọn padà sáàárín ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀wọ́ tí ọmọ wà nínú ìwé kíkà kò kan ọ̀wọ́ tí ó wà nínú ìṣirò. Bí ó bá ti mọ ohun tí a pè é láti wá kọ́, ó ti kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, pípín fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín pípín kan àti òmíràn hàn nínú wúńrẹ̀n kékeré kan nínú èdè wa. “Ọmọ yìí kò tíì mọ ìyọkúrò” jẹ́ gbólóhùn kan. “Ọmọ yìí kò mọ̀wé” jẹ́ òmíràn. Nínú ti àkọ́kọ́, tíì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀: ó ní àkókò nínú, ó ń retí nǹkan, ó sì gbé iṣẹ́ lé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé bí ọmọ kò bá tíì mọ̀, ó kù kí ẹnìkan kọ́ ọ. Nínú ti èkejì, kò sí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ náà ni ẹjọ́ kàn, a sì ti dá a. Olùkọ́ tí ó sọ ti àkọ́kọ́ wo ohun kan pàtó tí ó ṣe é tún ṣe. Èyí tí ó sọ ti èkejì ti fi máàkì kan sọ irú ẹni tí ọmọ jẹ́. Kíláàsì D, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é, jẹ́ gbólóhùn kejì tí a fi yàrá àti àga kọ, tí a sì ń tún un sọ fún ọmọ ní òròòwúrọ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta.

Kí ni a tilẹ̀ fi wọ̀n wọ́n? Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè ìṣirò kan tí ó sọ pé àgbẹ̀ kan ní ewúrẹ́ mélòó kan, ó ta díẹ̀, mélòó ni ó kù? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹran lè yanjú rẹ̀ kí a tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́ sórí ìwé ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé gba ìdánwò kan lọ́nà mẹ́jọ. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà lọ́nà mẹ́jọ. A wá ro máàkì náà pọ̀, a sì pe àròpọ̀ rẹ̀ ní ọpọlọ.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè kò lè sọ pé a kò rí ẹ̀rí. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan lábẹ́ ìdarí Babátúndé Fáfúnwá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi wé wọn gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ni ó ṣe dáadáa jù, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn ọmọ ìlú kan náà ni, tí ilé tí wọ́n ti wá jọra. Bí èdè tí a fi kọ́ni bá lè gbé ọmọ láti ìpín kan dé òmíràn, a jẹ́ pé orúkọ tí a fún ohun tí ìpín náà ń wọ̀n kò tọ̀nà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé àwọn aláṣẹ. Ní 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní 2025, ìjọba wọ́gi lé e, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sínú Gẹ̀ẹ́sì. Lára ìdí tí a gbọ́ ni pé àwọn agbègbè tí ó ń lo èdè abínibí ni ọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò àṣejáde. Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi ń ṣe ìdánwò náà! Bí ẹni tí ó ń fi ìgbá gaàrí wọn epo ni, tí ó wá ń bá epo wí pé kò ga sókè bíi gaàrí.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí gbogbo wa jọ mọ̀, láti àríwá dé gúúsù. Ní 2013, iye máàkì tí a fi ń gba ọmọ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ di ohun tí a ń jà lé lórí nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ Anambra ní láti gba 139. Ọmọkùnrin Zamfara lè wọlé pẹ̀lú 4, ọmọbìnrin ibẹ̀ pẹ̀lú 2. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, ìbínú wọn sì yé mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo náà, kò sí ẹni tí ojú kò tì láti sọ pé ọpọlọ ọmọ Zamfara ni kò tó. Gbogbo wa mọ̀ pé ilé-ìwé tí kò sí, olùkọ́ tí kò wá, àti èdè tí ọmọ kò gbọ́ ni 2 náà ń wọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé bí a bá padà sí ìlú wa, tí a rí ọmọ tí ó gba 12 ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ tí ó gba 78, ọpọlọ ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ? Ohun tí a gbà fún ìpínlẹ̀ kan, a kọ̀ ọ́ fún ọmọ ilé kejì wa.

Àwọn mìíràn ti bá ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́. Ní 1967, ní Washington, Adájọ́ J. Skelly Wright fòpin sí ètò tí ó ń pín àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ìlú náà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí ilé wọn rọ̀ṣọ̀mù ni a fi ṣe òṣùwọ̀n ìdánwò náà, àti pé ọmọ adúláwọ̀ àti ọmọ tálákà tí a fi wọ̀n ni ó ń já sí ìsàlẹ̀. Àwa kò nílò ìyàtọ̀ àwọ̀ kí a tó ṣe irú rẹ̀.

Ẹnìkan lè dìde nínú wa kí ó sọ pé orí ni ọ̀rọ̀ náà, pé Yorùbá gbà pé oníkálùkù ti yan tirẹ̀ kí ó tó wáyé. A kúkú máa ń sọ pé “orí ọmọ yìí pé.” Ṣùgbọ́n ìtàn Ifá tí ó sọ nípa yíyan orí kò gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dé ilé Àjàlá amọ̀kòkò, àwọn ọ̀rẹ́ náà fi ojú yan orí tí ó tóbi, tí ó sì ń dán. Òjò ni ó fi hàn lójú ọ̀nà pé wọn kò sun ún jinná. Bí mo ti gbọ́ ìtàn yìí sí, ìkìlọ̀ ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó bá rò pé òun lè fi ojú mọ orí tí ó dára. Ẹni tí ó bá gba orí gbọ́ ní tòótọ́ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù jù láti kọ D síwájú orúkọ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

A sì ní ọ̀nà tí a ti ń gbà kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìmọ̀ wọn kò dọ́gba nínú yàrá kan kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé. Ẹ wọ ilé-kéwú kan ní Ìlọrin, tàbí ní Kano, tàbí ní Dakar. Oníkálùkù ọmọ ní wàláà tirẹ̀, oníkálùkù sì wà níbi tí ó bá a dé nínú Kùránì. Ẹni tí ó wà ní súrà kúkúrú jókòó ti ẹni tí ó fẹ́ẹ̀ parí. Bí ọmọ bá ti ka ti ọwọ́ rẹ̀ já, àlùfáà a ní kí ó fọ wàláà rẹ̀, kí ó kọ òmíràn. Mo mọ̀ pé ilé-kéwú ní àbùkù tirẹ̀; ẹgba pọ̀ níbẹ̀, kíkà láìmọ ìtumọ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ìmọ̀ kò sọ ilé náà di mẹ́rin. Ó wà lórí wàláà, wàláà sì ṣe é fọ̀.

Ọmọ tí ó yára ńkọ́? Ó ní ẹ̀tọ́ lára wa, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọmọ-ọ̀dọ̀ fún ọmọ tí ó lọ́ra. Ìjọba dá ilé-ìwé àkànṣe sílẹ̀ ní Suleja ní 1990 fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ọmọ tí ó ti mọ ìṣirò ọdún yìí lọ jókòó ti àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún ìṣirò ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí mo ta kò ni pé kí a ti ara ọmọ kan mú ohun tí a fi ń kẹ́ ọmọ kejì. Owó àpapọ̀ ni ilé-ìwé ìjọba ń ná. Ìyá tí ó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ ní ọjà wà lára àwọn tí ń san owó oṣù olùkọ́ dáradára tí ó wà ní A, ọmọ rẹ̀ sì wà ní D pẹ̀lú ẹni tí kì í wá. Kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ẹ́ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Bí pípín bá pọn dandan nítorí pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn nílò ìrànlọ́wọ́ mìíràn, a jẹ́ pé àwọn ni olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ jù tọ́ sí, àwọn ni kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ kò pọ̀ tọ́ sí. Ilé-ìwé tí kò lè ṣe èyí, kí ó fi ìbò pín olùkọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ṣe ní Kẹ́ńyà. Èyí kò ní ná an ní kọ́bọ̀.

Ó ku apá kan tí ó kan àwa olùkọ́ èdè ní tààràtà. Bí ọmọ bá dé sẹ́kọ́ńdírì àgbà, pípín A àti D a yí aṣọ padà, a di sáyẹ́ǹsì àti áàtì. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga ni a ń tì sí sáyẹ́ǹsì, yálà ó fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Áàtì ni a ń kó èyí tí ó ṣẹ́kù sí. Ibẹ̀ sì ni Yorùbá wà, ibẹ̀ ni Haúsá àti Ìgbò wà. A ti pín àwọn èdè náà bí a ti pín àwọn ọmọ. Olùkọ́ Yorùbá tí ó wọlé sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ń bá àwọn ọmọ tí a ti sọ fún pé wọn kò mọ̀wé sọ̀rọ̀, nípa èdè tí a ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí àwa náà bá ń ráhùn pé àwọn ọmọ tí ó já fáfá kì í ka èdè ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti já okùn náà.

Ṣùgbọ́n ipò yìí kan náà fún wa ní agbára tí olùkọ́ físíìsì kò ní. Kí a tó kọ orúkọ ọmọ kan sínú ìwé D, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹnìkan bi í: ìbéèrè ìṣirò tí ó ṣì náà, ní èdè tí ó fi ń lá àlá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ọmọ kan. Bí ó bá dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ni ó nílò, a sì mọ ohun tí a ó kọ́ ọ. Bí kò bá dáhùn, ìyọkúrò ni ó nílò, a mọ èyí náà. Olùkọ́ tí ó lè bi í bẹ́ẹ̀, tí ó sì lè kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ tí a ń pín kíláàsì, wà nínú iyàrá olùkọ́ báyìí, níbi tí a fún un ní àyè mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì áàtì.